Ọ̀dá ò tíì lọ, wọ́n tún ní omi fẹ́ ya: èwo ni ká gbà?

AkàGéèjì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa ka géèjì odò (òpó oníwọ̀n tí wọ́n rì sódò ká lè mọ bómi ṣe ga tó), ó ti pọ́dún mẹ́ta báyìí, láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nírọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp wa. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkéde méjì jáde lórí agbada odò kan ṣoṣo yìí náà, ìyẹn gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí ẹ̀ ń ṣàn wọ odò wa. Ọ̀kan ní ọ̀dá tó le ṣì mú agbègbè wa. Èkejì ní ká gbára dì, ó ṣeé ṣe kómi ya bo ẹ̀gbẹ́ odò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọjọ́ kan náà o! Àwọn ará gúrúùpù ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, wọ́n ní àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì.

Èmi gan-an ò wá mọ èyí tí màá gbèjà. Géèjì tèmi ò ti ọ̀rọ̀ ọ̀dá yìí lẹ́yìn rárá. Láàárọ̀ yìí 1.42 mítà ni mo kà. Irú òní lọ́dún tó kọjá, 1.40 ni, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀dá lọ́dún yẹn. Odò wà níbi tó máa ń wà, ọ̀dá wo ni wọ́n ń wí? Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹja_Kékeré
Hahaha, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sá sí ni jàre. Bó rọ̀ wọ́n á ní "a ti wí fún yín", bí ò rọ̀ wọ́n á ní "a ti wí fún yín".

Olójò
@Ẹja_Kékeré rárá o, méjèèjì lè jóòótọ́. Ọ̀dá dà bíi gbèsè téèyàn ti ń jẹ láti bí oṣù mẹ́fà, àgbàrá dà bí owó tí wọ́n kó fún un lọ́sàn-án tó sì ti ná an tán kó tó délé. Owó kọjá lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́, gbèsè ò gbọ̀n.

Ẹ wò ó, àwọn tó ń ṣírò ọ̀dá sábà máa ń lo nǹkan tí wọ́n ń pè ní SPI, McKee, Doesken àti Kleist ló gbé e jáde lọ́dún 1993. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le. Á kó òjò oṣù kan, tàbí oṣù 3, tàbí oṣù 12 pa pọ̀, á fi wé bó ṣe máa ń rọ̀ ní irú àkókò yẹn láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ó kéré tán. Tó bá wà ní òdo, ó wà déédéé. Tó bá ti bọ́ sí -1, ọ̀dá ti yọjú nìyẹn, láti -1.5 lọ sísàlẹ̀ ó ti le, láti -2 lọ sísàlẹ̀ kí Ọlọ́run má ṣe é. Ibi tó ti ń dojú rú fáwọn èèyàn ni pé ti oṣù kan lè wà lókè òdo torí pé ọ̀sẹ̀ méjì kan rọ̀ dáadáa, kí ti oṣù 12 ṣì wà ní -1.7, lórí ilẹ̀ kan náà. Ewéko tó wà lóko ń gbọ́ ti oṣù kan sí mẹ́ta. Kànga àti ìsun odò, ti ọdún kan gbáko ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ìkéde yẹn, ti oṣù mélòó ni wọ́n wò? Wọn kì í sábà kọ ọ́ síwájú, ìyẹn ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà.

Mo fẹ́ fi kún un pé SPI ò ka oòrùn sí o. Òjò nìkan ló mọ̀. Tóoru bá mú jù tí omi ń fẹ́ lọ sókè, ẹ lo SPEI, òun ń yọ èyí tóoru gbà kúrò.

Ẹja_Kékeré
Ó yé mi díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ tó ti gbẹ báyìí, ṣé kò ní fa òjò mu ni? Báwo lomi ṣe fẹ́ ya lórí ilẹ̀ tóùngbẹ ń gbẹ?

Olójò
Ìbéèrè gidi. Ká ní agbada odò yẹn jẹ́ 250 sukúẹ́ kìlómítà. Òjò 40 mìlímítà rọ̀ lé gbogbo ẹ̀. Mìlímítà kan lórí sukúẹ́ mítà kan jẹ́ lítà kan, nítorí náà gbogbo omi yẹn jẹ́ mílíọ̀nù kúbíìkì mítà 10. Tílẹ̀ bá rọ̀ tó ń fa omi dáadáa, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá ló máa ṣàn wọnú odò kíá, mílíọ̀nù kan. Tílẹ̀ bá ti mu yó tẹ́lẹ̀, tí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ò ríbi wọlẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin. Òjò kan náà o, omi tódò máa rí máa yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

Wàyí o, ìwọ rò pé ilẹ̀ gbígbẹ jẹ́ ilẹ̀ tó máa fa omi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ilẹ̀ tóòrùn ti yan títí tójú ẹ̀ fi di páánú, tí koríko orí ẹ̀ ti kú, òjò tó bá rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á wọlé, àmọ́ èyí tó bá dà wáá yára ju bí ilẹ̀ ṣe lè gbé mì lọ, orí ilẹ̀ náà ló máa sáré gbà. Ìyẹn lo ṣe máa ń rí àgbàrá tó gbé ọkọ̀ lọ lọ́sàn-án, tóo bá fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, eruku lo máa bá nísàlẹ̀.

Sátẹ́láìtì101
Ẹ gbà mí láyè kí n sọ nǹkan kan tó lè bí àwọn àgbà nínú. Sátẹ́láìtì wà lókè, ẹ ṣì ń ka igi tí wọ́n rì sódò, ìyà la fi ń jẹ ara wa. GPM, sátẹ́láìtì tó ń wọn òjò, ti wà lókè látọdún 2014, détà òjò IMERG tó ń tara ẹ̀ jáde jẹ́ ti ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ayé ló kárí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ti omi abẹ́ ilẹ̀, GRACE ṣe é láti 2002 dé 2017, GRACE-FO wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2018. Sátẹ́láìtì méjì ló ń tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí omi bá ti pọ̀ nílẹ̀ máa ń wúwo díẹ̀, á kọ́kọ́ fa èyí tó wà níwájú, àyè àárín wọn á yí padà bíńtín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá omi lé sí i tàbí ó dín kù. Ti àkúnya, GloFAS wà, ètò tó ń sọ àkúnya odò tẹ́lẹ̀ kárí ayé, ìṣirò 51 ló ń ṣe pa pọ̀ láti fi wo ọgbọ̀n ọjọ́ níwájú. Kí la tún ń fi bàtà òjò wá kiri létí odò?

OníwéOdò
Ọmọ mi Sátẹ́láìtì101, inú ò bí mi, mo máa ń wo gbogbo ohun tóo kà sílẹ̀ yẹn kí n tó mu tíì àárọ̀. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo (àpótí tó ń gba nọ́ńbà òjò kan) nínú IMERG fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá síhìn-ín, mẹ́wàá sọ́hùn-ún. Lórí agbada tí Olójò fi ṣàpẹẹrẹ yẹn, ojú méjì àbọ̀ péré ló máa bọ́ sí. Òjò tó rọ̀ lórí òkè tí ò rọ̀ ní àfonífojì, ó máa pò wọ́n pọ̀ ni. GRACE ńkọ́? Agbada tó tó odindi orílẹ̀-èdè ló ń rí kedere, odò kékeré ò sí lójú ẹ̀.

Ká sì rántí àkúnya òru ọjọ́ 14 oṣù July 2021 ní àfonífojì Ahr, ní Jámánì. Èèyàn tó lé ní 130 ló kú níbẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò ńlá ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Géèjì tó wà ní Altenahr, omi gbá a lọ lóru yẹn, àsìkò tí wọ́n nílò nọ́ńbà jù lọ gan-an ni nọ́ńbà dákẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kó ní ọ̀kan tí ò lo bátìrì tí ò lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Páìpù irin kan, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ríbi gbà lókè, ẹ ki ọ̀pá igi bọ inú ẹ̀, ẹ da kọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ ti rin kúnná sí i. Bómi bá ti ń gun òkè, kọ́ọ̀kì á léfòó bá a lọ, bómi bá sọ̀ kalẹ̀, á lẹ̀ mọ́ igi níbi tómi ga dé. Lọ́jọ́ kejì ẹ yọ igi, ẹ wọ̀n ọ́n. Kò sí hákà tó lè wọ ìyẹn.

Ó yá, AkàGéèjì, tìẹ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwọ ń ka gíga omi, o wá ń pè é ní omi. Ní October 2018, géèjì Kaub lórí odò Rhine, ní Jámánì, wálẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹni tí ò mọ̀ á ní ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń gbabẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín ẹrù kù gan-an. Òdo ara géèjì kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò, ibi tí wọ́n yàn ni. Nọ́ńbà gíga ò túmọ̀ sí nǹkan kan títí a ó fi mọ iye omi tó ń kọjá nígbà tómi bá wà níbẹ̀. Nítorí náà dá mi lóhùn: ìgbà wo lẹ ti wọn ìṣàn odò yẹn kẹ́yìn?

AkàGéèjì
Hàà, ẹ ṣeun bàbá. Ó ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n rán ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ní abẹ̀bẹ̀ kékeré lẹ́nu, ó wọnú omi, ó wọ̀n ọ́n níbi bíi méjìlá, wọ́n fún wa ní tébù kan lẹ́yìn ẹ̀, láti ìgbà yẹn a ò rí wọn mọ́. Tébù yẹn ní 1.42 jẹ́ 4.3 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni mo ń lò.

Ìyá_Etídò
Ẹ má bínú o, mo kàn ń kà á bọ̀ láti òkè ni. AkàGéèjì, géèjì tó wà lókè afárá àtijọ́ yẹn lò ń sọ, àbí? Ìsàlẹ̀ odò yẹn gan-an ni mò ń gbé, kò tó kìlómítà kan sí afárá. Mi ò mọ SPI, àmọ́ àpáta kan wà níwájú wa tí a máa ń jókòó lé fọṣọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọdún tómi bá gbẹ nìkan ló ń yọrí. Lọ́dún tó kọjá mi ò rí i rárá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí tó ti yọ, àwọn ọmọ ti ń gun orí ẹ̀. Ìwọ wá ní odò wà níbi tó máa ń wà? Odò èwo?

Olójò
Ìyá wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Géèjì lẹ ní níwájú ilé yẹn o, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ní ìlú Děčín, létí odò Elbe, ní orílẹ̀-èdè Czech, irú àpáta bẹ́ẹ̀ wà, ọdún ọ̀dá ni wọ́n ń gbẹ́ sí i lára, èyí tó pẹ́ jù tó ṣì ṣeé kà ni 1616. Wọ́n kọ ọ́ sí i lédè Jámánì pé béèyàn bá rí òun, kó sunkún.

OníwéOdò
Ó parí. Lókè, gíga omi ò yẹ̀. Nísàlẹ̀, àpáta ti yọ. Nǹkan kan wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì tó ń dá omi dúró. AkàGéèjì, má tíì jà mọ́. Ṣe nǹkan méjì fún mi lọ́la.

Kìíní, fi ẹsẹ̀ rìn láti géèjì lọ sísàlẹ̀ títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí, kóo máa wo inú omi.

Kejì, wọn ìṣàn náà fúnra ẹ. Wá ibi tódò gún régé, wọn ogún mítà létí ẹ̀, kan igi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bu omi sínú ike kan dé ìdajì kó lè rì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má máa tì í kiri. Jù ú sómi lókè igi àkọ́kọ́, kó ti máa bómi lọ kó tó débẹ̀, ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé igi kejì. Ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, nítòsí, láàárín, lọ́hùn-ún. Ojú omi máa ń yára ju inú lọ, nítorí náà fi ìṣẹ́jú àáyá yẹn pín ogún mítà, kóo wá fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀. Ta okùn kọjá láti mọ ìbú, fi igi wọn jíjìn níbi bíi mẹ́wàá. Bómi bá ju orúnkún lọ tó sì ń fà ẹ́, jáde, a ò fi ẹ̀mí ra nọ́ńbà.

Ẹja_Kékeré
Ọ̀rọ̀ yìí ti wá dà bí ìwádìí ọlọ́pàá, mi ò lọ síbì kankan 😂

Ìyá_Etídò
Kó tó dé, ẹ bá mi tú èyí. Wọ́n ní ilé wa wà lójú àkúnya "ọgọ́rùn-ún ọdún". Ọkọ mi ní omi yẹn ti wá nígbà tí bàbá òun wà láyé, pé ó di ayé àwọn ọmọ-ọmọ wa kó tó padà.

Olójò
Ẹ bá mi bẹ bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, àǹfààní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló wà pé omi tó ga tó yẹn máa wá. Omi ò ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́. Ó lè wá lọ́dún yìí kó tún wá lámọ́dún. Tẹ́ ẹ bá gbé nílé yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, àǹfààní pé ẹ máa rí i lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán jẹ́ nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé nínú ilé mẹ́rin tó wà lójú irú ewu bẹ́ẹ̀ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan máa rí i. Ìṣirò yẹn náà sì dúró lórí ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tí ìwé ò bá ju ogún ọdún lọ, àbá lásán ni wọ́n ń dá.

AkàGéèjì
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ẹsẹ̀ mi kún fún ẹrọ̀fọ̀, mo sì ní ìtìjú díẹ̀.

Mo rìn sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ afárá àtijọ́, igi ńlá kan ti dábùú, ìdí ẹ̀ há sára òpó kan, orí ẹ̀ há sára òpó kejì. Koríko, ọ̀rá, aṣọ àkísà, gbogbo ẹ̀ ti wé mọ́ ọn, iyanrìn ti gbá jọ sẹ́yìn ẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún. Omi ń gba orí ẹ̀ dà sísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń da omi látinú bàsíà. Lókè, omi dúró rọrọ bí adágún títí dé ẹsẹ̀ géèjì mi. Àdúgbò yẹn ni mò ń gbà lójoojúmọ́ o, ọ̀nà òkè ni mo máa ń gbà, mi ò yọjú wo abẹ́ afárá rí.

Mo wá wọn ìṣàn nísàlẹ̀ afárá. Ike náà ń lo ìṣẹ́jú àáyá 32 fún ogún mítà, tá a bá pín wọn dọ́gba. Ìyẹn 0.625 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn 0.85 ó di 0.53. Ìbú mítà 9, jíjìn 0.6. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, ohun tó jáde: 2.9 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tébù mi ní 4.3. Èyí tí mò ń pariwo pé odò wà déédéé yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

OníwéOdò
Má tijú, mo mọ àwọn tó fi ọdún mẹ́wàá ka adágún tí wọ́n ń pè é ní odò. Àmọ́ ẹ yára. Igi tó bo ọ̀dá mọ́lẹ̀ yẹn náà ló máa jẹ́ kí àkúnya burú sí i. Nígbà tómi bá pọ̀, pàǹtírí á dí ojú afárá pa, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, àwọn tó ń gbé lókè afárá ló máa kọ́kọ́ rí i. Bó bá sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ Ìyá_Etídò ló ń bọ̀. Má fọwọ́ ara ẹ dá a fà o, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ àti okùn irin, kí wọ́n yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tómi ṣì kéré.

Sátẹ́láìtì101
Mo gbà, mo gbà. Mo lọ wo àwòrán sátẹ́láìtì ibẹ̀, ewé bo afárá náà mọ́lẹ̀, n kò lè rí nǹkan kan. Bàtà òjò ló borí lọ́tẹ̀ yìí 🙏 Àmọ́ mo fẹ́ sọ fún yín pé GloFAS ṣì ń fi òjò hàn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ṣe é kó tó dìgbà yẹn.

AkàGéèjì
Ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n yọ igi náà ní Sátidé, ọkùnrin mẹ́jọ àti tírákítọ̀ kan, ọ̀sán gbáko. Mo dúró ti géèjì mi, mo ń wo omi bó ṣe ń fi ara irin sílẹ̀, ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń yọ bí ìlà dúdú, ó yọ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta ó ti 1.42 dé 1.11. Kò sí òjò, omi tó ń kọjá ò yí padà, gíga nìkan ló yí. Mo ṣí tébù, 1.11 jẹ́ 2.9. Ohun tí ike mi sọ gẹ́lẹ́.

Òjò dé lóru ọjọ́ Àìkú lóòótọ́, 46 mìlímítà nínú agolo ìwọnjò mi. Páìpù kọ́ọ̀kì tí mo ri mọ́ ẹ̀gbẹ́ géèjì lọ́jọ́ Ẹtì fi 2.63 hàn, nǹkan bí aago mẹ́ta òru ló ní láti jẹ́, mo ti sùn. Omi wọ ilẹ̀ odò, kò dé ilé kankan. Lọ́jọ́ kẹta ó ti padà sí 1.19. Ìkéde ọ̀dá jáde lánàá, ọ̀dá tó le ṣì wà. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bá ẹnì kankan jiyàn.

Ìbéèrè kan ló kù. Gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ látìgbà tí igi yẹn ti há, ṣé kí n fi bíírò fà á nù ni? Mi ò sì mọ ọjọ́ tó há.

OníwéOdò
Má fa nǹkan kan nù. Ohun tóo rí lo kọ, òótọ́ ni. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé igi dí omi, kóo fi ọjọ́ sí i, ẹni tó máa ṣírò á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ní ti ọjọ́ tó há, wo àkókò tí òjò ò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé ẹ. Odò tó ń jẹ omi abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ń dín ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló máa fi dín kù sí ìdajì. Wá ibi tí gíga ẹ̀ ti kọ̀ tí ò wálẹ̀ mọ́.

AkàGéèjì
Mo rí i. Mo ya gbogbo ẹ̀ sórí Excel. Ṣáájú, bí òjò bá ti dá dúró ọ̀sẹ̀ méjì, á wálẹ̀ kọjá 1.15. Láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn kò lọ sísàlẹ̀ 1.38 rí, bí ẹni pé ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Mo ṣí ìwé sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, 2.05 láàárọ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé: "igi ńlá kan ń bómi lọ, ó kọjá lójú mi, ó gba ọ̀nà afárá."